Jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun àti ọrùn: Oògùn tuntun dé l'Amẹ́ríkà, ta ni yóò sanwó rẹ̀ nílé wa?

Ọjọ́ 27 oṣù Keje ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ orí àti ọrùn lágbàáyé yà sọ́tọ̀ láti ọdún 2014 fún àrùn jẹjẹrẹ tó ń mú èèyàn lẹ́nu, nímú, lọ́fun àti lọ́rùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ náà máa ń dé, á sì lọ, bí ẹni pé kò sí lórí kàlẹ́ńdà. Bó bá di oṣù Kẹwàá, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, ẹ ó rí aṣọ píǹkì nígboro, àwọn ìyàwó gómìnà á kó èrò jáde, àwa náà níbí á pe dókítà wá sórí afẹ́fẹ́. Ẹni tí egbò jókòó sí lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kókó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń tìtorí tiwọn jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ń mú lágbàáyé lọ́dọọdún lé ní 800,000.

Ohun tó jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá lọ́tẹ̀ yìí ni ìbéèrè táwọn olùgbọ́ wa ń bi wá: ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti rí oògùn jẹjẹrẹ ọ̀fun l'Amẹ́ríkà? Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, FDA, ìyẹn àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe nílùú wa, fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ pembrolizumab, tí wọ́n ń tà lórúkọ Keytruda, fún àwọn tí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn wọn ti tàn débì kan àmọ́ tí abẹ ṣì lè gé e kúrò. Wọ́n á kọ́kọ́ gbà á ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n á sì máa gbà á lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ti wáyé kẹ́yìn nínú ìtọ́jú àwọn aláìsàn yìí.

Ìròyìn ayọ̀ ni, a ò ní ba ayọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí oògùn náà lè ṣe, iye tó jẹ́, àti ibi tí ẹ̀mí àwọn aláìsàn tiwa ti ń bọ́ gan-an. Lójú tèmi, kì í ṣe àìsí Keytruda ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn.

Kókó kan kì í ṣe ìkejì rẹ̀

Gbogbo wíwú orí àti ọrùn kọ́ ni jẹjẹrẹ. Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀, ẹ̀yà ara kan níwájú ọrùn ló wú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àìtó ayodíìnì nínú oúnjẹ ló fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ayodíìnì mọ́ iyọ̀ tá à ń rà lọ́jà. Kókó ẹ̀gbẹ́ ọrùn tún lè jẹ́ ikọ́ ife, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí TB, èyí tí oògùn oṣù mẹ́fà lè wò.

Ẹ wo eegun àgbọ̀n nìkan. Kókó mẹ́ta lè yọ níbẹ̀ tí ojú lásán ò ní mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà tí àgbọ̀n rẹ̀ ń wú kíákíá, tí eyín rẹ̀ ń mì, ó lè jẹ́ àrùn tí dókítà ará Ireland kan, Denis Burkitt, kọ ìròyìn rẹ̀ láti Uganda lọ́dún 1958, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Àrùn náà ń sáré bí iná inú ọyẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì péré, kókó náà lè di ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, abẹ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Oògùn ló ń yọ́ ọ bí òrí tí oòrùn pa, oògùn bíi cyclophosphamide tó ti pẹ́ lọ́jà, tí owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ tàwọn tuntun. Bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ náà dé, ó lè sàn pátápátá.

Ọ̀dọ́ ẹni ọdún 25 tí àgbọ̀n tiẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò sì dùn ún, ó lè jẹ́ ameloblastoma. Wọn kì í ka èyí mọ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ eegun bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Kò gbọ́ oògùn, abẹ ló gbọ́. Bí dókítà bá kàn ha á kúrò lójú eegun, ó sábà máa ń padà wá. Ó di dandan kó gé eegun tó yí i ká mọ́ ọn, kó wá fi irin, tàbí eegun tí wọ́n bù láti ìbàdí tàbí ẹsẹ̀ aláìsàn náà fúnra rẹ̀, dí àlàfo tó kù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy, ilé ìwòsàn orí omi ti àjọ Mercy Ships, gúnlẹ̀ sí Cotonou lọ́dún 2016, irú kókó ojú àti àgbọ̀n báyìí wà lára ohun tí wọ́n ń gé lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n máa ń gbé àwòrán wọn sórí Facebook láti fi tọrọ owó, tí ojú wọn ti wú ju orí ọmọdé lọ, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe wọ́n kò yẹ kó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láé.

Ẹ̀kẹta ni bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tí egbò erìgì rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná. Jẹjẹrẹ gan-an lè nìyẹn. Abẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣáájú, ìtànṣán á tẹ̀ lé e, nígbà míì pẹ̀lú oògùn.

Tá a bá wá kúrò lágbọ̀n tá a dé ẹ̀yìn imú, níbi tí imú àti ọ̀fun ti pàdé, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Jẹjẹrẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Imú á máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí kan á dí, kókó á yọ lọ́rùn, onítọ̀hún á sì máa lo oògùn ibà àti táífọ́ọ̀dù. Abẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn níbẹ̀, ìtànṣán àti oògùn ni ìtọ́jú rẹ̀.

Kókó mẹ́rin, ìtọ́jú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìpolówó oògùn kan ṣoṣo "tó ń wo gbogbo kókó", irú èyí tá a máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀ èrò, fi jẹ́ irọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó sì fi jẹ́ pé ìtọ́jú tó dára jù kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá gé ẹran bíńtín lára kókó náà, tí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosikópù, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi àyẹ̀wò yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ohun tí abẹ lè ṣe

Nínú jẹjẹrẹ ẹnu, kì í ṣe egbò tàbí kókó tí ojú rí nìkan ni oníṣẹ́ abẹ ń gé. Jẹjẹrẹ ahọ́n tàbí erìgì máa ń gba inú àwọn kókó kéékèèké tó wà nínú ọrùn kọjá kó tó lọ síbòmíì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà fi ń jiyàn lórí ẹni tí tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì wú: ṣé ká gé ti ọrùn mọ́ ti ẹnu lọ́jọ́ kan náà, àbí ká ṣì máa wò ó ná?

Ilé ìwòsàn Tata Memorial nílùú Mumbai, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ló dáhùn lọ́dún 2015. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gé ọrùn wọn mọ́ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣì wà láàyè. Láàárín àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣì dúró, 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Kò sí oògùn olówó gọbọi níbẹ̀. Dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ ọrùn ló mú un wá, àti aláìsàn tó tètè dé.

Ti gògóńgò yàtọ̀ díẹ̀, ó sì kan èmi fúnra mi, torí ohùn la fi ń jẹun níléeṣẹ́ rédíò. Bí jẹjẹrẹ bá ti gba gògóńgò kan, iṣẹ́ abẹ tó gbé gbogbo rẹ̀ kúrò ń gbé ohùn lọ pẹ̀lú. Ihò kan tí wọ́n lu sí ọrùn ni èèyàn á máa gbà mí. Ẹ ro ti olùkọ́, oníwàásù, ìyálọ́jà tó ń polówó, ẹni tó ń kéwì. Lọ́dún 1991 ni èsì ìwádìí kan jáde l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láàárín 332 èèyàn: dípò kí wọ́n gé e, wọ́n fún apá kan ní oògùn, wọ́n wá fi ìtànṣán tẹ̀ lé e. Nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló mú gògóńgò wọn dúró, ẹ̀mí wọn kò sì kúrú ju tàwọn tí wọ́n gé tiwọn lọ. Láti ìgbà yẹn ló ti di pé oògùn àti ìtànṣán lè gba ohùn là.

Àmọ́ ìtànṣán yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Níbi tí ẹ̀rọ ti lè dákẹ́ láàárín ìtọ́jú, dókítà tó nífẹ̀ẹ́ aláìsàn rẹ̀ lè sọ pé abẹ ló dájú jù. Ẹ ò rí i pé nígbà míì, kì í ṣe aláìsàn ló ń pinnu bóyá òun á fi ohùn òun sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń pinnu fún un.

Oògùn àtijọ́, oògùn tuntun

Àgbà oògùn nínú ìtọ́jú yìí ni cisplatin. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Barnett Rosenberg ní ìpínlẹ̀ Michigan ló ṣèèṣì bá a pàdé lọ́dún 1965, nígbà tó ń fi iná mànàmáná dán kòkòrò wò nínú omi. Irin pilatínọ́ọ̀mù tó fi ń gbé iná náà wọlé ló tú nǹkan sínú omi tó dá bíbí àwọn kòkòrò náà dúró. L'Amẹ́ríkà, 1978 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n máa ń fún aláìsàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tó bá ń gba ìtànṣán lọ́wọ́, torí ó ń jẹ́ kí ìtànṣán wọ jẹjẹrẹ náà lára dáadáa. Kì í ṣe oògùn pẹ̀lẹ́ o. Ó ń mú èèyàn bì, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè mú kí etí máa hó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ omi púpọ̀ sí aláìsàn lára kó tó gbà á. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn oògùn tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ní gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní, ó ti ju ogójì ọdún lọ tó ti wà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì pọ̀.

Pembrolizumab kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tó ń lé àìsàn. Jẹjẹrẹ gbọ́n, ó máa ń fi àmì kan han àwọn ọmọ ogun náà bí ẹni tó fi káàdì han ọlọ́pàá níbi ìdábùú ọ̀nà, tí wọ́n á wá jẹ́ kó kọjá. Oògùn yìí ló ń ba káàdì náà jẹ́. Orúkọ àmì náà ni PD-L1, ẹni tí àyẹ̀wò bá rí i lára kókó rẹ̀ ni FDA sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún.

Èèyàn 714 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì gba ìtànṣán lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan pẹ̀lú cisplatin. Ìdajì gba abẹ́rẹ́ tuntun yìí kún un: ẹ̀ẹ̀mejì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ló wà láàyè tí àrùn wọn kò sì padà tàbí burú sí i. Láàárín àwọn tí kò gbà á, 46 ni. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí èèyàn 11 ló jàǹfààní. Ó pọ̀, àgàgà tó bá jẹ́ bàbá ẹni wà lára àwọn 11 náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì náà jáde, wọn ò tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn tó gba oògùn náà ń pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé "wọ́n ti rí oògùn rẹ̀" ti fi ata sí i.

Iye rẹ̀ wá ńkọ́? L'Amẹ́ríkà, iye tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kọ sára abẹ́rẹ́ kan lé ní 11,000 dọ́là. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 17, ó di 187,000 dọ́là. Tá a bá ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà, ó ti lé ní 280 mílíọ̀nù náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, ìyẹn 70,000 náírà, máa ṣiṣẹ́ fún ọdún 333 láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kó tó rí i san. Ní orílẹ̀-èdè míì, iye náà lè dín. Kódà bó dín sí ìdajì, ọdún 166 ṣì ni.

Ohun tí Íńdíà ṣe

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wa dúró sí. Íńdíà kì í ṣe ilú olówó bí Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ẹnu sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an nítorí tábà àti ẹ̀pà betel tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu. Àwọn dókítà Tata Memorial mọ̀ pé aláìsàn àwọn kò ní rówó ra irú abẹ́rẹ́ olówó iyebíye yìí. Dípò kí wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n bi ara wọn pé: ṣé dandan ni ká lo gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí?

Wọ́n mú nivolumab, oògùn kan tó jẹ́ ọmọ ìyá Keytruda. Iye tí wọ́n ń lò lókè òkun nígbà náà jẹ́ 240 mílígíráàmù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Wọ́n lo 20 péré ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n fi kún oògùn oníhóró tí aláìsàn lè máa lò nílé. Èèyàn 151 tí àrùn wọn ti kọjá ibi tí abẹ lè wò ni wọ́n fi dán an wò. Láàárín àwọn tó lo oògùn oníhóró nìkan, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kékeré náà kún un, 43. Èsì yìí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà jẹjẹrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe àhesọ.

Láti ọdún 2012 ni àwọn ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ níbẹ̀ ti para pọ̀ sábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní National Cancer Grid. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà oògùn pọ̀ bí àwọn ìyálọ́jà ṣe ń para pọ̀ ra ọjà ọkọ̀ kan, owó oògùn sì já wálẹ̀ gan-an. Kí ló ń dí àwa lọ́wọ́?

Kò kúkú jẹ́ pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìjọba àpapọ̀ ti bá ilé iṣẹ́ Roche wọ àdéhùn lórí oògùn jẹjẹrẹ ọmú kan tó wọ́n gan-an: ilé iṣẹ́ náà dá apá kan, NHIA dá apá kan, aláìsàn dá èyí tó kéré jù. Nígbà tí wọ́n sì gbé owó ìrànwọ́ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí kò lówó, èyí tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund, dìde, àrùn mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ sí i: ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, àti ti prostate. Mi ò bá àwọn mẹ́ta náà jà, wọ́n ń pa èèyàn wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí tiẹ̀ wà lẹ́nu ò ní ìyàwó gómìnà kan tó ń bá a sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè má lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tí ẹ̀mí ti ń bọ́

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aláìsàn kan, irú ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì, wọ́n fún un ní kápúsù. Ó mì sí i, ó lọ yọ eyín náà. Ihò eyín náà kọ̀, kò dí, ẹran ń hù níbẹ̀. Wọ́n ní aràn eyín ni, ó ń fi àgbo fọ ẹnu. Oṣù mẹ́rin kọjá. Ó wọ ilé àdúrà. Nígbà tó máa dé ilé ìwòsàn ìjọba, ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa mọ́, kókó ti yọ lọ́rùn. Wọ́n kọ̀wé fún un pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀, kí wọ́n tó gé ẹran bíńtín yẹn, ó gbọ́dọ̀ sanwó. Kí èsì tó jáde, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kó lọ ṣe CT scan, owó mìíràn nìyẹn. Ó padà sílé lọ wá owó. Nígbà tó padà dé, ohun tí abẹ ì bá gé ní oṣù kẹta ti di ohun tí abẹ kò lè gé mọ́.

Ẹ ka gbogbo ìdúró tó wà nínú ìtàn yẹn. Kò sí èyí tí Keytruda lè wò. Ó kéré tán, owó ló fa mẹ́ta nínú wọn, nítorí nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tá a ń ná sórí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí, èyí tó lé ní 70 ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde ní tààrà. Òfin NHIA tọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ẹ bi ẹni mẹ́wàá ládùúgbò yín, kí ẹ wo iye tó ní in.

Ohun tó wà lẹ́yìn owó ni ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àgbọ̀n tí wọ́n sì fi eegun ẹsẹ̀ dí i lè gba wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí dókítà á máa fi maikirosikópù rán òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín pọ̀. A ò tíì gbàgbé pé láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n ti gé iná UCH Ìbàdàn nítorí gbèsè, tó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kí ó tó padà ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ló ń wá dísù kiri. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ àràmàǹdà yìí kò pọ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ sì ń jápá. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi?

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí ìjọba máa kọ́kọ́ ṣe, mi ò ní sọ pé kí wọ́n ra abẹ́rẹ́ 280 mílíọ̀nù. Àyẹ̀wò ẹran bíńtín yẹn ni mo máa fi ṣáájú. Kí OYSHIA ní Ọ̀yọ́, Ìlera Èkó ní Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ yòókù san owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí egbò ẹnu tàbí kókó ọrùn rẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí èsì sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí iṣẹ́ abẹ àti cisplatin wọ inú ohun tí adójútòfò ń san. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó wá dán abẹ́rẹ́ kékeré irú ti Íńdíà wò lára àwọn èèyàn tiwa, kí ìjọba sì gbé owó ìwádìí náà kalẹ̀. Ìyẹn kò lè tó owó mọ́tò àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti mọ́tò sílẹ̀ lónìí.

Ti àjẹsára náà wà ńbẹ̀. Kòkòrò HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń fa apá kan lára ti ọ̀fun pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Sìgá àti ọtí líle, ẹ ti mọ tiwọn. Ẹni tó bá ń pa àwọn méjèèjì pọ̀, ewu tiẹ̀ ju àròpọ̀ wọn lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ sì ní ẹni tó ń ṣe lọ́kàn: egbò ẹnu tó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbàwọ́n funfun tàbí pupa tí kò kúrò lẹ́nu, eyín tó ń mì láìnídìí, ihò eyín tí kò dí, ohùn tó há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, oúnjẹ tó ń há lọ́fun, kókó ọrùn tí kò dùn àmọ́ tó ń tóbi. Dókítà eyín tàbí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ bá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́ là á nílé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ eyín tó ń mì láì kọ́kọ́ ya fọ́tò eegun rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gé ẹran lọ fún àyẹ̀wò, ẹ gba ìwé èsì náà sọ́wọ́, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, torí pé ibikíbi tí wọ́n bá darí yín sí, òun ni dókítà tó kàn máa kọ́kọ́ béèrè.